Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí BIOS: mo ti ṣe é, ó ti yanjú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè bóyá kí n sọ BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) bọ́ọ̀dù B450 mi (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) di tuntun kí n tó gbé processor Ryzen 5 5600 sí i, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, bọ́ọ̀dù lè kú.

Ọdún 2018 ni B450 jáde, 2022 ni 5600 dé. BIOS àtijọ́ ò lè dá a mọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu. Ká ní mi ò pààrọ̀ nǹkan kan ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án rárá.

Iná Ìjẹ̀bú-Òde ò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà mo dúró kí bátìrì inverter kún. Mo wo orúkọ bọ́ọ̀dù fínnífínní, títí dé nọ́ńbà rev (ẹ̀dà bọ́ọ̀dù) tó wà létí rẹ̀, kí n má baà gbé fáìlì bọ́ọ̀dù mìíràn. Flash tí mo fọ́máàtì sí FAT32 ni mo fi gbé fáìlì BIOS náà, processor àtijọ́ ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ náà dé 100%, kọ̀ǹpútà kú, ó tún tàn fúnra rẹ̀. Inú mi dùn gan-an!

Ètò BIOS mi ti padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ìyára RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà) sì ti padà sí 2133. Mo tan XMP (ètò inú BIOS tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìyára tí wọ́n ṣe é fún), ó di 3200. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n ya fọ́tò ètò BIOS sílẹ̀ ṣáájú, ẹ ṣeun gan-an ni, fọ́tò yẹn ni mo fi to ètò náà padà.