Áàpù ìdíje table tennis wa: ó ti yanjú o!

Ẹ rántí pé mo bèèrè ìdí tí áàpù tí mò ń ṣe fún ìdíje àdúgbò wa ní Bódìjà fi ń há tá a bá ti jẹ́ èèyàn 13. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ṣe é bíi ti èèyàn 16, tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba títí dé àṣekágbá, kí àwọn 3 fo ráùǹdì àkọ́kọ́, ẹ ṣeun gan-an, ibẹ̀ gan-an ló wà! A lò ó ní Sátidé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lójijì, àmọ́ fóònù tọ́jú gbogbo sikọ́ọ̀ títí tó fi dé, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Mo tún sọ bọ́tìnnì di ńlá torí ọwọ́ tó ti làágùn kì í tẹ kékeré dáadáa, tí sikọ́ọ̀ bá sì di 10-10, ó dìgbà tẹ́nì kan bá fi 2 ṣíwájú kí áàpù tó ka géèmù náà sí èyí tó parí. Ó tán nìyẹn, ẹ ṣé o.