Ojú ọmọ mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ẹ̀yin ará wa, kí la lè ṣe sí àpá yìí?

Màmá Fèyí, Kánò

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àjò o, ẹ kú ìlú onílùú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá láti Sabon Gari mọ̀ pé àfín ni Fèyí mi. Ọmọ ọdún 19 ni. Egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì lábẹ́ ojú, a ní ooru ni, a ń fi nǹkan pa á, bó bá gbẹ lónìí á tún ṣẹ̀jẹ̀ lọ́la, àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀ wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ni. Wọ́n ti gé e kúrò, wọ́n bu awọ lẹ́yìn etí ẹ̀ fi dí i. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Dókítà ní àwọn gé gbogbo ẹ̀ tán, ẹ bá wa dúpẹ́. Àmọ́ ojú yẹn pupa, ó le, ó wú, ọmọ náà ti yọ dígí kúrò lára ògiri yàrá ẹ̀, kò lọ síléèwé mọ́, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn á sá wọ yàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, kíríìmù wo lẹ lè bá wa rà? Aládùúgbò wa kan ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin pa á. Ẹ gbà mí o.

Àbẹ̀kẹ́, Kubwa

Màmá Fèyí, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó kan ojú ọmọ yẹn rárá, tí omi ẹ̀ bá wà lára awọ tí oòrùn sì bá a níbẹ̀, ṣe ló máa ń jó èèyàn bí iná. Kíríìmù àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan, ẹ má fi pa á náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ti po steroid, oògùn líle kan, mọ́, ó ń mú kí awọ fẹ́lẹ́.

Àfín lèmi náà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà tí wọ́n gé tèmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà ni, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo lọ ka másítà ní Manchester kí n tó padà wá sí Abuja. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún Fèyí ni pé ojú tó ń rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, kì í ṣe òun ló máa gbé kiri. Ìgbà yìí gan-an ni àpá máa ń pupa jù tó sì máa ń le jù. Ó máa ń tó ọdún kan, ti ẹlòmíì á tó oṣù 18, kó tó rọ̀ kó sì pọ́n dínkù. Àwọn àgbà ní ojú àpá ò lè jọ ojú ara, òótọ́ ni, mi ò ní parọ́ fún yín pé á lọ ráúráú, àmọ́ àárín èyí tó wà lójú ẹ̀ báyìí àti èyí tó máa kù lẹ́yìn ọdún kan, ó jìn síra gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ojoojúmọ́ ló sì wà láàárín méjèèjì.

Ọsibítù tí wọ́n ti ṣe tèmi, wọ́n gé e dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan fún mi nípa ìtọ́jú àpá. Wọ́n tú okùn tí wọ́n fi rán an lọ́jọ́ keje, wọ́n ní ó tán, kí n máa lọ. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó sílé tí mi ò fọwọ́ kàn án rárá nítorí ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ tú, etí àpá náà wá le bí okùn ìfami. Manchester ni nọ́ọ̀sì kan ti kọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé ìka mi méjì lé e, ó ní tẹ̀ ẹ́. Mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, tẹ̀ ẹ́ títí awọ ibẹ̀ á fi funfun, kó o wá máa yí i róbótó láìjẹ́ kí ìka yọ̀ lórí ẹ̀, kí awọ àti ìka jọ máa lọ ni. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ó dùn mí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fọwọ́ kan ojú ara mi láti oṣù mẹ́fà ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: láàárọ̀, tí mo bá gbé omi tíì kaná, mo máa fi òróró díẹ̀ sí ìka, màá máa pa á títí omi á fi hó, ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀, lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti Fèyí jẹ́ awọ tí wọ́n bù lẹ́, torí náà kẹ́ ẹ bi dókítà tó ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ pé awọ náà ti mú dáadáa. Tí egbò bá ti pa dé pátápátá, jẹ́lì sílíkọ́ọ̀nù lẹ máa wá, tàbí èyí tó dà bíi pláńsítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà lára tó wákàtí 12 lójúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta ó kéré tán. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra sùn. Nígbà ọyẹ́ kò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, òógùn ò jẹ́ kó dúró, jẹ́lì ni mo yí sí, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó.

Oòrùn wá ni olórí ọ̀rọ̀ mà. Àpá tuntun tí oòrùn bá ń pa kì í tètè jáwọ́ nínú pípọ́n, àti pé fún àwa àfín, oòrùn yẹn náà ló fa àkọ́kọ́, òun náà ló lè fa òmíràn. Sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí lára, kó fa á gùn tó ìka méjì fún ojú àti ọrùn, kó pa á sójú kó tó jáde, kó sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n pàtẹ sínú oòrùn, ooru ti bà á jẹ́. Kó dé akẹtẹ̀ etí gbòòrò, fìlà face cap kì í bo etí àti ọrùn. Gíláàsì mọ́tò náà kì í dí gbogbo rẹ̀ o. Èmi, láti Kubwa sí Area 1 láàárọ̀, ọwọ́ òsì mọ́tò loòrùn máa ń wà, tí mo bá ń padà nírọ̀lẹ́, òsì náà ló tún máa wà, nítorí náà ọ̀tún ni mo máa ń jókòó, mo sì lè jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá kí n tó rí ààyè níbẹ̀.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Leeds

Màmá Fèyí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ojúlówó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí. Jẹ́lì yẹn, a kì í gbàwé dókítà ká tó rà á, kẹ́míìsì ni, mo máa ra méjì, àbúrò mi ń bọ̀ ní Abuja lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á gbé e wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà ní England níbí tírú nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ fetí sílẹ̀: láti 2009, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, títí kan ìtọ́jú ohun tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ fà, kì í sanwó oògùn tí dókítà bá kọ. Ẹ ní kí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, bá yín béèrè ìwé ẹ̀rí ẹ̀ (fọ́ọ̀mù FP92A), ó ń lo ọdún márùn-ún. Mo mọ ọmọ wa kan tó ń san owó oògùn fún ọdún méjì gbáko kó tó mọ̀. Ẹgbẹ́ àánú kan náà wà, Changing Faces, àwọn ló gba iṣẹ́ ìfi-àtíkè-bo-àpá lọ́wọ́ Red Cross ibí ní 2011, wọ́n á bá yín wá àwọ̀ tó bá ara yín mu, wọ́n á kọ́ yín títí ẹ ó fi lè ṣe é fúnra yín, ọ̀rínrín kì í tètè ṣí i. Tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá sì ń fi àpá ojú yín bú yín, òfin Equality Act 2010 ka àpá ojú tó bá le gan-an mọ́ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ yan èèyàn jẹ.

Alhaja, Calgary

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹ máa ṣọ́ ọ kó má di kẹ́lọ́ìdì. Àpá tó kàn wú máa ń dúró sí ààyè ibi tí wọ́n gé, kẹ́lọ́ìdì máa ń kọjá ààlà, á ràn wọ ara tí ọbẹ ò dé. Tèmi wà láyà. Abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn tó ń mú kí àpá tẹ́, ni wọ́n ń gún sí i, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, ó dùn mí wọnú eegun àmọ́ ó tẹ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọbẹ gé e lásán, ńlá ló máa padà hù.

Àwọn ọmọ wa àfín tó wà nínú òtútù, ẹ má rò pé oòrùn ò sí. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lè ju bíi 80% nínú ìtànṣán yẹn padà sójú èèyàn láti ìsàlẹ̀.

Màmá Fèyí, Kánò

Ọlọ́run á san gbogbo yín lẹ́san. Kíkọ ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé ohun kan. Tó bá ń sùn, ojú òsì yẹn kì í pa dé tán, ó sì ń ṣomi. Ṣé jẹ́lì yẹn á ṣe é?

Àbẹ̀kẹ́, Kubwa

Rárá mà, jẹ́lì kọ́, ẹ má dúró de jẹ́lì. Àpá ló ń fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ẹ mú un padà lọ bá dókítà tó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ajé tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì jẹ́ kí dókítà ojú wò ó, nítorí ẹyin ojú tó bá ń gbẹ mọ́jú lè legbò. Wọ́n máa fún un ní omi tó máa ń kán sí i títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá wọ́n máa tún un ṣe. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ gba ìwé èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé, èyí tó sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti pé etí ibi tí wọ́n gé mọ́, ẹ ya á sórí fóònù. Tí wọ́n bá ní kó máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó pa ọ̀kankan jẹ, kí wọ́n máa yẹ gbogbo ara wò, kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ ọrùn wá kókó. Tówó bá fẹ́ pọ̀ jù, ẹ kàn sí The Albino Foundation l'Abuja níbí, wọ́n ti bá National Hospital ṣètò ìtọ́jú jẹjẹrẹ awọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àfín rí. Ní 13 oṣù kẹfà tó jẹ́ ọjọ́ àwa àfín lágbàáyé, wọ́n máa ń pín sunscreen àti fìlà níbòmíì.

Ọ̀rọ̀ ilé tó ń sá wọ̀ yẹn wá. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ mà, èrò pọ̀ jù, gbogbo wọn ló máa fẹ́ fà á mọ́ra kí wọ́n sì máa ṣàánú ẹ̀. Èmi, ọ̀dọ̀ mai shayi, ẹni tó ń ta tíì, tó wà ní kọ̀rọ̀ wa ni mo kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí n ra búrẹ́dì. Ó gbójú sókè, ó ní, "Me ya same ki?" (kí ló ṣe ẹ́?) Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń kọ́ èsì ẹ̀ sórí, mo ní, "An yi min aiki, na warke" (wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ó ti jinná). Ó ní, "Allah ya ƙara sauƙi" (Ọlọ́run á fi àlàáfíà kún un), ó sì ń po ẹyin ẹ̀ lọ nínú ife, ó bi mí bóyá kóun fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ó parí síbẹ̀. Kí Fèyí wá gbólóhùn tiẹ̀, kó kúrú, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Hausa, ní gẹ̀ẹ́sì, kó máa sọ ọ́ sókè nínú yàrá títí tí kò fi ní mú un lọ́fun mọ́: wọ́n gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ó ti jinná. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwọn ọmọdé tó ń pè é ní zabiya (àfín ní Hausa) láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, ó ti mọ bó ṣe ń kọjá lára wọn, agbára yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Dígí yẹn, ẹ má bá a gbé e padà. Ẹ fi kékeré kan sítòsí ibi tó ti máa ń pa òróró sí àpá, ó máa nílò ẹ̀ láti rí ibi tó ń tẹ̀. Kẹ́ ẹ bá a ya fọ́tò àpá náà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, torí ẹni tó ń wo ara ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í rí i pé ó ń dínkù.

Màmá Fèyí, Kánò

Ẹ ṣé o. A máa lọ ọjọ́ Ajé. Fèyí ló gba fóònù lọ́wọ́ mi báyìí, ó ń ka gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n bi àǹtí Àbẹ̀kẹ́: ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń kọ sí kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò?

Àbẹ̀kẹ́, Kubwa

Fèyí, o kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Fún ọdún méjì, ọ̀tún nìkan ni, mi ò ní fọ́tò másítà kan tó gba òsì mi. Ní báyìí mi ò yàn mọ́. Màá fi èyí tá a yà lọ́dún Àjíǹde tó kọjá ránṣẹ́ sí ẹ níkọ̀kọ̀, òsì ló kọ síwájú, wà á rí bí tèmi ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Pè mí lọ́la lẹ́yìn aago méje, mo máa wà nínú bọ́ọ̀sì.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Leeds

Mo ti ra jẹ́lì. Mo fi sunscreen mẹ́ta kún un. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi máa pè ẹ́ tó bá balẹ̀, kó o bá wa fi rán awakọ̀ tó ń lọ Kánò láti gáréèjì Jabi, kó má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù o, ooru.