"Afura" ni kí a pè é

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó fún sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gbọ́ ìyípadà bí ìtẹ̀ tàbí ooru kí ẹ̀rọ lè kà á, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi aṣọ ṣe. Àwọn kan ní "aṣàkíyèsí", àwọn mìíràn ní "afòyemọ̀". Èmi ti fọwọ́ ara mi rán ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí méjèèjì kò fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo gé aṣọ nínípọn méjì, mo rán òwú tí wọ́n fi fàdákà bò mọ́ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá ki Velostat, ọ̀rá dúdú tí wọ́n po kábọ́ọ̀nù mọ́, sáàárín wọn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná mànàmáná á rọ́nà kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀nà á tún há. Òye wo ló wà nínú ìyẹn? Aṣọ kò mọ̀ pé ìka ni. LilyPad, bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí Leah Buechley ṣe fún rírán mọ́ aṣọ, tó dọ́jà ní 2007, ló ń ka ìyípadà náà.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "ara fu mí." Ara ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun kan, kí ọkàn tó mọ ohun tó jẹ́. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹnì kan bi mí pé "afurasí" inú ìròyìn ńkọ́? Ẹni tí a fura sí nìyẹn. Afura ni ẹni tó fura. "Sí" ló yà wọ́n. Àwọn oníròyìn lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi gírámà.

"Òwú dídán" tí àwọn kan dábàá fún òwú tí iná ń gbà kọjá ni n kò gbà rárá. Òwú lurex tí wọ́n ń hun mọ́ aṣọ òkè náà ń dán, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n fi sé irin tín-ín-rín inú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lé e, kò ní dá yín lóhùn. "Òwú agbéná" tó fún mi (kí gbẹ́nàgbẹ́nà má bínú).

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni "ẹ̀rọ àwọ̀sára", orúkọ tí wọ́n dábàá fún ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbé sára bí aṣọ. À ń wọ bùbá, à ń ró ìró, à ń wé gèlè, à ń dé fìlà. Bí mo bá rán afura sínú fìlà, ta ni yóò gbà pé mo "wọ̀" ọ́? "Ẹ̀rọ àmúra" ló ń wá sí mi lẹ́nu, torí gbogbo wọn la fi ń múra. Ẹ bá mi wò ó.