"Oníyọ̀-dọ́gba" kò bá mi lára mu

Ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà dábàá "oníyọ̀-dọ́gba" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "isotonic", ìyẹn oògùn abẹ́rẹ́ àti omi dírípù tí kì í wú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tí kì í sì í fún un pọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbè yín lórí èyí.

Iyọ̀ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, gíráàmù 9 ni iyọ̀ tó wà nínú lítà kan omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Àmọ́ bí ẹ bá po ṣúgà lásán, bíi gíráàmù 92, sínú lítà omi kan, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní bẹ́ níbẹ̀. Iyọ̀ dà?

"Dọ́gba" gan-an ló ń dùn mí jù. Ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ifẹ̀ níbí, a lè wo bí òtútù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí oògùn tó dì; ìyẹn ló ń sọ bí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì ní bí ìdajì ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òdo. Ẹ wá po yùríà, èyí táwọn àgbẹ̀ ń bù sídìí àgbàdo, gíráàmù 18 sí lítà kan: ibẹ̀ náà lòun fi ń dì. Wọ́n dọ́gba, àbí?

Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sí i nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wà lódidi, omi náà á ṣú, ẹ ò ní rí òdìkejì. Ti yùríà kì í pẹ́ tó fi ń mọ́ gaara, pupa ni o, ṣùgbọ́n ẹ ó ka ìwé ìròyìn tó wà lẹ́yìn ìgò. Gbogbo wọn ti bẹ́! Yùríà ń wọnú sẹ́ẹ̀lì láìsí ìdíwọ́, omi ń tẹ̀ lé e. Irú àyẹ̀wò yìí ni Hamburger, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, ti ń ṣe kí 1900 tó dé.

Bàtà méjì lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà kí ọ̀kan ṣì há mọ́ni lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "abẹ́jẹ̀dọ́gba" sílẹ̀ fún èyí tí ìwọ̀n ohun tó yòrò sínú rẹ̀ bá tẹ̀jẹ̀ ṣe déédéé. Fún èyí tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ gbà, "abẹ́jẹ̀mu" ni mo kọ́kọ́ rò, àbúrò kan ní nọ́ọ̀sì wo ló máa sọ ọ́ létí aláìsàn, táyẹn ò ní rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ mu! "Abẹ́jẹ̀rẹ́" ni mo wá fara mọ́.

Ó ku èyí tó ń wú sẹ́ẹ̀lì àti èyí tó ń fún un pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ tiyín.