Látìgbà tí mo ti fi sìgá sílẹ̀ ni ikùn mi ti ń yọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Télọ̀ Bẹẹrẹ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 46 ni mí, télọ̀ ni mí n'Íbàdàn níbí. Ọdún 22 ni mo fi mu sìgá, páálí kan lójúmọ́. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àbígbẹ̀yìn mi wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń gé aṣọ, ó ní, "Dádì, ṣé ikọ́ yín yìí ò ní lọ ni?" Ọjọ́ náà ni mo ju páálí tó wà lápò mi nù. N ò tíì fẹnu kàn án láti ìgbà yẹn.

Ikọ́ ti lọ. Ìyàwó mi ní òórùn ti kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sanra yìí ń bà mí lẹ́rù. Kílò 71 ni mí tẹ́lẹ̀, ó ti di 79 ní kẹ́míìsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Téèpù ọrùn mi ti kọ́kọ́ sọ fún mi ná: ìbàdí mi kúrò ní 34, ó di 37. Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tí mo ká sínú ojú rírán ti tán, kò síbi tí mo tún fẹ́ tú mọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dìde nídìí máṣíìnì lọ mu sìgá níta. Ní báyìí, mo lè jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọwọ́ mi á kàn máa wá nǹkan tó máa mú: gúgúrú, bisikíìtì, mínírà tútù. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n máa mu ẹyọ kan péré lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pé ikùn á wọlé. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wọ̀ mí létí. Ìdí tí mo fi sáré kọ èyí nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àlàní:
Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò. Èmi mu ẹyọ kan yẹn rí. Mo sanra bíi tìrẹ, mo ní kí n máa fi ẹyọ kan mú ara fúyẹ́ láàárọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo padà sí páálí kan, ikùn ò sì wọlé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kí n tó tún lè fi í sílẹ̀.

Wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ: o ní o máa ń dìde. Lẹ́ẹ̀mélòó lójúmọ́, ogún? Dídìde yẹn ni kí o gbà padà, kí o fi sìgá sílẹ̀. Bí ọkàn mi bá fà sí i, kì í ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo máa ń rìn dé ìkóríta. Kí n tó padà, ó ti lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú oríire, bọ̀dá. Ọ̀kánjúwà kọ́ ló ń ṣe yín. Nicotine inú sìgá máa ń pa ebi, ó sì máa ń mú kí ara lo oúnjẹ yára díẹ̀. Bó ṣe kúrò, ebi padà, ẹnu àti imú tí èéfín ti pa tún jí, ọbẹ̀ wá ń dùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jáwọ́ ló máa ń fi bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún sanra lọ́dún àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń yá jù. Tiyín ju ìyẹn lọ díẹ̀, torí náà ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pé ọdún kan láìmu sìgá, ewu àrùn ọkàn tó ń tara rẹ̀ wá á ti já sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Kílò mẹ́jọ ò tó nǹkan tó lè mú yín ta ìyẹn.

Ẹ má febi pa ara yín, ebi máa ń mú ọkàn fà sí sìgá. Ẹ má sì ra tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Ìgbẹ́ gbuuru ni púpọ̀ nínú wọn ń fà. Omi ara lẹ máa pàdánù, kì í ṣe ọ̀rá.

Ìyá Ìbejì:
Mínírà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé lọ, Bọ̀dá Télọ̀. Ṣúgà inú ìgò ńlá kan lè ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ! Bó ṣe ṣe ọkọ mi náà nìyẹn. Ẹ̀pà sísè tó ṣì wà nínú èèpo ni mo fi gbà á. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ bó o, ẹ jẹ hóró méjì, ẹ tún mú òmíràn. Ọwọ́ ríṣẹ́ ṣe, kò sì ṣeé bù sẹ́nu bíi gúgúrú. Lálẹ́, ẹ dín àmàlà kù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un.

Kóòṣì Òkè Àdó:
Ẹ má sáré o, orúnkún ò tíì mọ ẹrù tuntun yìí. Ẹ rìn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Bẹẹrẹ lẹ wà, òkè Màpó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ẹ gùn ún láfẹ̀mọ́júmọ́ kí oòrùn tó mú.

Télọ̀ Bẹẹrẹ:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Téèpù ṣì wà lórí 37, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró mí kí n tó dé òkè Màpó. Láàárọ̀ yìí, n ò dúró rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń rán mi létí, tó bá ti tó wákàtí kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde." Ẹ̀jẹ̀ dáa, ṣúgà dáa. Ọ̀rẹ́ mi yẹn ò tíì sinmi, ó tún na ẹyọ kan sí mi lánàá. Mo bu ẹ̀pà fún un.

Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe ń bu iyọ̀ sí tiyín? Ti ilé wa ń ta ẹnu.

Ìyá Ìbejì:
Kò ju ìfúnpọ̀ kan lọ, bọ̀dá mi. Ẹ bù ú sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.