Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé gbàṣẹ sí ọ́fíìsì wa, ọwọ́ mi ni fáìlì náà bọ́ sí

Ìyá Fèyí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Onímọ̀ ẹja àti ẹranko ni mí lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí. Ibùgbé wọn gan-an ni mò ń ṣọ́: odò, etí odò, àbàtà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó máa kan omi odò, ì báà jẹ́ afárá, ì báà jẹ́ páìpù abẹ́ ọ̀nà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ wa. HPA la máa ń pè é, òfin rẹ̀ sì ti wà láti 1943. Bí ìwé ẹni bá ti pé, ọjọ́ 45 la ní láti fèsì.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà níbí, àgbà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ìlú wa. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé wọn la wọ̀ sí. Àwọn àti ìyàwó wọn ló gbọ́ bùkátà wa títí ọkọ mi fi ríṣẹ́. Wọ́n ti ra ilẹ̀ kan báyìí lẹ́yìn ìlú, odò kékeré kan sì la ilẹ̀ náà kọjá. Páìpù irin tó wà lábẹ́ ọ̀nà tó wọ ilé ti dógùn-ún. Wọ́n fẹ́ fi òmíràn tí kò fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọ́n fẹ́ wọ́ àwọn ìtì igi tó wó sínú odò jáde, kí wọ́n sì ṣán gbogbo igbó etí omi kí iwájú ilé lè mọ́. Agbègbè tí mò ń mójú tó ni. Wọ́n pè mí lánàá: "Ọmọ mi, ìwé mi ti wà lọ́dọ̀ yín o. Mo ti ní kí agbaṣẹ́ṣe máa múra sílẹ̀."

Odò náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹja salmon tí wọ́n ń pè ní coho ń wọ̀ ọ́ wá yé ẹyin. Ọmọ coho kì í sáré lọ sókun, ó máa ń lo ọdún kan ó lé nínú irú odò kékeré bẹ́ẹ̀. Tí páìpù bá há ju odò lọ, omi á máa fi agbára tú jáde lẹ́nu rẹ̀, á máa gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀, títí ẹnu páìpù á fi so rọ̀ lókè omi. Ẹja ńlá lè fò wọ̀ ọ́ nígbà míì, ọmọ ẹja kò lè fò ó. Ìtì igi tí wọ́n fẹ́ wọ́ jáde yẹn ló ń jẹ́ kí omi rọlẹ̀, kí ibú wà, abẹ́ rẹ̀ lọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Igbó etí omi ló ń ṣíji bo odò kó má gbóná, salmon kò sì fara da omi gbígbóná. Mi ò lè fọwọ́ sí i bó ṣe wà yìí. Báwo ni mo ṣe máa wojú wọn sọ ọ́?

Ọmọ Òkìtìpupa: Ẹ má bínú, arábìnrin. Ẹni tó gbà yín sílé nígbà tí ẹ ò mọ ẹnì kankan, páìpù kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣé torí ẹja lẹ ó fi sọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nù?

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣeun sà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irú páìpù yìí gan-an ló gbé ìpínlẹ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní 1854 àti 1855, àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò ní dí wọn lọ́wọ́ ẹja pípa níbi tí wọ́n ti ń pa á. Ní 1974, Adájọ́ George Boldt dá a pé ìdajì ẹja tó ṣeé pa jẹ́ tiwọn. Ní 2001 wọ́n tún pẹjọ́, wọ́n ní páìpù abẹ́ títì ìjọba ń dí ẹja lọ́nà, ẹ̀tọ́ ẹja pípa kò sì wúlò níbi tí ẹja ò bá lè dé. Wọ́n jàre. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní 2013 pé kí ìpínlẹ̀ tún wọn ṣe. Nígbà tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2018, àwọn adájọ́ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, àṣẹ yẹn sì dúró. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là ló ń bá a lọ. Gbogbo páìpù wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà nídìí ẹja yìí náà, sà.

Bàbá Ìbejì: Ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Òfin òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí o fi ipò rẹ ṣojúrere fún ẹnikẹ́ni. Má dúró dìgbà tí wàá kọ̀wé ìdájọ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Kọ ímeèlì sí ọ̀gá rẹ lónìí pé ẹni bí ẹbí ni ẹni yìí sí ọ, kí wọ́n gbé fáìlì náà fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣí i mọ́, má sì béèrè ibi tó dé. Bí o bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní o ṣojúsàájú. Bí o bá kọ̀ ọ́, àgbà yẹn á gbà pé ìwọ lo ṣe òun.

Ìyá Àgbà Houston: Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ, ó kù díẹ̀. Má jẹ́ kí lẹ́tà ẹlòmíràn ṣáájú rẹ dé ilé wọn. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ lọ kí wọn, kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Má sọ ọ́ lórí fóònù, má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ wọn. Kí o sì kọ́kọ́ fi tó ìyàwó wọn létí. Ó mọ inú ọkọ rẹ̀ jù ọ́ lọ.

Ẹnjiníà Ìbàdàn: Iṣẹ́ ọ̀nà ni mò ń ṣe ní Oregon. Àgbà yẹn kò nílò páìpù rárá. Afárá kan wà tí wọ́n ń fi ara ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ ṣe: wọ́n á yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé pèpéle irin rẹ̀ láti bèbè dé bèbè. Àwọn olóko ń lò ó dáadáa. Odò kò ní mọ̀ pé ọ̀nà wà lórí òun. Páìpù tó há, lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, pàǹtí igi á dí i, omi á gbé ọ̀nà lọ, owó wọn á sì bá a lọ. Bí ilẹ̀ wọn bá wà lára ilẹ̀ igi gẹdú, kí wọ́n béèrè nípa Family Forest Fish Passage Program. Láti 2003 ló ti wà, ó sì ń ran onílẹ̀ kékeré lọ́wọ́ láti mú ohun tó dí ẹja kúrò. Ti ìtì igi, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Owó gidi ni wọ́n fi ń gbé irú rẹ̀ padà sínú odò níbòmíràn.

Bàbá Ìbejì: Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni kó sọ ti afárá, kì í ṣe òun.

Ọmọ Òkìtìpupa: Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó máa dun àgbà yẹn, ẹ má retí ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wọ́n nílé wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ ímeèlì náà, fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo pe ìyàwó wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní inú ẹ̀gbọ́n kò ní dùn, ṣùgbọ́n ká máa bọ̀ ní Sátidé. Ẹnjiníà, ọkọ mi ní kí n béèrè: ṣé ọkọ̀ panápaná lè gorí afárá yẹn? Ó ní ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi òun nìyẹn.

Ẹnjiníà Ìbàdàn: Ó lè gbé e, bí irin rẹ̀ bá ṣì le, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì dára. Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ni kó ṣírò ẹrù rẹ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Kí wọ́n sì wọn fífẹ̀ odò dé ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún, kì í ṣe ibi tó wà nígbà ẹ̀rùn.