Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ epo lórí omi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí ríìgì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórí omi, hẹlikópítà ló ń gbé wọn lọ. Ọjọ́ 28 lórí omi, 28 nílé. Owó ń wọlé, mi ò lè parọ́, àmọ́ tí wọ́n bá dé gan-an ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 12 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lóru níbẹ̀, torí náà tí wọ́n bá délé, ojúmọmọ ni wọ́n á máa sùn, tó bá wá di òru wọ́n á máa rìn kiri pálọ̀, gbogbo ètò tí mo ti ṣe látìgbà tí wọn ò sí, wọ́n á ní kí n yí i padà, títí kan ibi tí mò ń gbé ìkòkò sí! Ọmọ wa kékeré ò tiẹ̀ fẹ́ lọ bá wọn, ojú mi ló máa ń wò kó tó dá wọn lóhùn, ó sì ń dùn wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, sùúrù wo tún ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi ni àbí kíá lẹ máa ń fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́? Kí lẹ sì ń ṣe tọ́mọ ò fi ní máa sá fún bàbá ẹ̀, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró lójú kan lọ́hùn-ún?